Èébì, Kíka Lífósáìtì, Tàbí Kúrómósóómù: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Wò Lára Ẹni Tí Ìtànṣán Wọ̀?

Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987 ni àwọn ọkùnrin méjì tó ń ṣa irin àlòkù ní ìlú Goiânia, lórílẹ̀-èdè Brazil, tú orí ẹ̀rọ kan tí ilé ìtọ́jú onítànṣán kan fi sílẹ̀ sínú ahoro. Késíọ́ọ̀mù-137, ohun olóró tó ń tú ìtànṣán jáde, ló wà nínú irin náà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 50.9 TBq (TBq ni ẹyọ tí a fi ń wọn agbára ohun olóró). Lọ́jọ́ náà gan-an ni èébì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru dé sí i, òòyì ń kọ́ ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní oúnjẹ tó bàjẹ́ ló jẹ, kó lọ sinmi nílé. Ó di ọjọ́ 29 oṣù yẹn kí onímọ̀ físíìsì kan tó yá ẹ̀rọ ìwọ̀n ìtànṣán tó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Láàárín ọjọ́ 16 yẹn, ìyẹ̀fun tó ń tàn búlúù nínú òkùnkùn ti dé ilé àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́. Èèyàn 249 ni wọ́n bá ìdọ̀tí olóró náà lára wọn, mẹ́rin sì kú.

Àmì ò wọ́n níbẹ̀ rárá. Ẹni tó máa béèrè aago tí èébì bẹ̀rẹ̀ ló wọ́n, àti ẹni tó máa ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni pé ká gbé àwọn àmì tó ń yọ lára láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo èyí tó yára, èyí tó ń parọ́, èyí tó gba owó àti àkókò, àti èyí tí ilé ìwòsàn kékeré lè ṣe lónìí láì dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ará láàbù ni a ní lọ́kàn, pẹ̀lú àwọn tó ń fi Iridium-192, irin kékeré tó ń tú ìtànṣán jáde, yẹ ojú-jó irin wò lẹ́bàá ọ̀pá epo, nítorí irú irin kékeré yẹn ló máa ń bọ́ sílẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sì gbé e sápò.

Gy ni ẹyọ tí a fi ń wọn iye ìtànṣán tí ara gbà. Fọ́tò àyà kan kò ju nǹkan bí 0.0001 Gy lọ. Tí gbogbo ara bá gba 1 Gy lẹ́ẹ̀kan náà, àìsàn ìtànṣán lè bẹ̀rẹ̀. Tó bá tó bíi 4 Gy tí kò sì sí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á ló ń kú láàárín oṣù méjì. Orí 2 Gy ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà: láti ibẹ̀ lọ sókè ni a ti ń ro abẹ́rẹ́ filgrastim, tó ń ran mùdùnmúdùn eegun lọ́wọ́ láti tún sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe. Abẹ́rẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín wákàtí 24 bó bá ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè ká ọwọ́ lẹ́rán de àyẹ̀wò tó péye jù lọ.

Ẹ̀rọ tó ń ké kò sọ ohun tó ti wọ ara

Ká mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà ná. Ẹ̀rọ Geiger tí wọ́n ń gbé ká ara aláìsàn ń wá ìdọ̀tí olóró tó lẹ̀ mọ́ awọ, irun tàbí aṣọ. Kò lè sọ iye ìtànṣán tó ti gba ara ẹni náà kọjá. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Iridium-192 fún wákàtí kan lè ti gba èyí tó máa pa á, kí ẹ̀rọ náà má sì ké rárá, nítorí ìtànṣán gámà kò sọ ara di olóró, gẹ́gẹ́ bí fọ́tò àyà kò ṣe sọ àyà di iná. Ìtànṣán niútírọ́ọ̀nù nìkan ló yàtọ̀. Nínú ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní iléeṣẹ́ yúráníọ̀mù ní Tokaimura ní Jàpáàn, lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, sódíọ̀mù tó wà nínú ara àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta di Na-24, ìyẹn sódíọ̀mù olóró, wọ́n sì rí i nínú èébì àti ẹ̀jẹ̀ wọn. Òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé niútírọ́ọ̀nù ló bá wọn jà. Lẹ́yìn irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ara ni a óò bi léèrè, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Èébì: ó yára, kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń parọ́

Kò sí àmì tó yá ju èébì lọ. Bí ìtànṣán bá ṣe pọ̀ tó ni èébì ṣe ń yá tó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2, a máa ń fojú bù ú sí 1 sí 2 Gy. Bó bá jẹ́ láàárín wákàtí 1 sí 2, ó lè jẹ́ 2 sí 4 Gy. Bó bá wá jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ó ti ju 8 Gy lọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ ìkòkò yúráníọ̀mù jù ní Tokaimura bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Wo ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀: aago tí ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni náà, aago tó parí, aago tí èébì àkọ́kọ́ jáde, iye ìgbà tó bì láàárín wákàtí 6, àti aago tí wọ́n fún un ní oògùn tó ń dá èébì dúró. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ẹnì kan bá ti fún aláìsàn ní ondansetron nínú áńbúláǹsì, èébì tí kò wá mọ́ kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìṣirò. Bákan náà, "ó bì láàárọ̀" kò wúlò. "Ó bì ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 20" ló wúlò.

Ibi tí èébì ti ń parọ́ pọ̀. Ìbẹ̀rù nìkan tó láti mú èèyàn bì. Ní Goiânia, èèyàn bíi 112,000 ni wọ́n yẹ̀ wò nínú pápá ìṣeré. Nínú 60,000 àkọ́kọ́, nǹkan bí 5,000 ló ní èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ara tó sú lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí olóró kan kò sí lára wọn. Ẹ̀rù ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Èkejì tún burú jù: láàárín 2 sí 4 Gy, 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn kì í bì rárá. Tí o bá fi èébì nìkan ya èèyàn sọ́tọ̀, wàá dá àwọn wọ̀nyẹn padà sílé pẹ̀lú ewu lára wọn. Ẹni tó bá sì gba ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, èébì rẹ̀ kò ní tẹ̀ lé tábìlì kankan.

Nílé tiwa, ibà ni gbogbo èébì títí a ó fi rí i pé kì í ṣe ibà. Kò burú. Ohun tó yẹ kó mú wa ronú ni kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbì kan náà máa bì láàárín wákàtí kan náà, kí àyẹ̀wò ibà wọn má fi nǹkan kan hàn, kí awọ ọwọ́ wọn sì pọ́n láìsí iná tó jó wọn.

Ìgbẹ́ gbuuru àti ara gbígbóná jẹ́ ẹlẹ́rìí, wọn kì í ṣe adájọ́. Ìgbẹ́ gbuuru tó lágbára láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́ pẹ̀lú ara tó ń gbóná janjan ń tọ́ka sí 6 Gy lọ sókè. Bí wọn kò bá sí, kò túmọ̀ sí pé kò séwu.

Lífósáìtì: àyẹ̀wò tí gbogbo láàbù lè ṣe, bí wọ́n bá ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ

Tí a bá ní ká yan ẹyọ kan ṣoṣo fún ilé ìwòsàn tí kò ju ti ìjọba ìbílẹ̀ lọ, kíka lífósáìtì la ó yàn. Lífósáìtì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Ìtànṣán ń pa á kódà nígbà tí kò pín sí méjì, èyí tó jẹ́ àjèjì láàárín sẹ́ẹ̀lì ara, ìdí sì nìyẹn tí iye rẹ̀ fi ń já wálẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù ṣì ń jẹ oúnjẹ wọn.

Ìgò EDTA ọlọ́mọrí àwọ̀ àlùkò lo máa lò, èyí tí wọ́n ń fi gba ẹ̀jẹ̀ fún FBC, ìyẹn kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Gba àkọ́kọ́ ní kété tí aláìsàn bá dé. Lẹ́yìn náà, máa gbà á ní wákàtí 6-6 sí 8-8 fún ọjọ́ 2 sí 3, kí o tó wá dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹyọ kan kò sọ nǹkan. Bó ṣe ń já wálẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà níbí tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé èsì méjì sórí tábìlì. Èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sọ pé sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 6,400 nínú máíkírólítà kan, lífósáìtì 32%. Èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn wákàtí 24 sọ pé sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 9,800, lífósáìtì 9%. Ẹni tó bá wo iye sẹ́ẹ̀lì funfun nìkan á ní ó ti gòkè, bóyá àkóràn ni, ẹ fún un ní oògùn kòkòrò. Wá ṣe ìṣirò rẹ̀: 32 nínú ọgọ́rùn-ún 6,400 jẹ́ 2,048. 9 nínú ọgọ́rùn-ún 9,800 jẹ́ 882. Lífósáìtì ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín ọjọ́ kan, ó sì ti wọ abẹ́ 1,000. Ohun tó gòkè ni nútírófíìlì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, tí mùdùnmúdùn eegun àti ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tú jáde nígbà tí ara gbọ̀n rìrì. Òun náà á já wálẹ̀ tó bá yá. Aláìsàn yìí kò gbọdọ̀ lọ sílé.

Òfin tó rọrùn láti fi sọ́kàn: bí lífósáìtì bá já tó ìdajì láàárín wákàtí 24, tó sì bọ́ sábẹ́ 1,000 kí wákàtí 48 tó pé, ewu ẹ̀mí ni. Bó bá wà láàárín 1,000 sí 1,500 ní wákàtí 48, ìfarapa wà, ṣùgbọ́n ìrètí pọ̀. Bó bá wá wà lábẹ́ 500, ọ̀ràn ńlá ni.

Ohun tó ń ba kíka yìí jẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ láti apá tí omi ń wọlé sí, ẹ̀jẹ̀ náà ti là, gbogbo iye á sì lọ sílẹ̀. Tí ẹ̀rọ òwúrọ̀ bá yàtọ̀ sí ti alẹ́, ìyàtọ̀ tí o rí lè jẹ́ ti ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń pín sẹ́ẹ̀lì sí ọ̀nà mẹ́ta péré máa ń ṣi lífósáìtì mú nígbà tí iye rẹ̀ bá kéré gan-an. Ká ya ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ká sì fojú ka sẹ́ẹ̀lì 100 tàbí 200 lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Oògùn sítẹ́róọ̀dù, iná tó jó ara lọ púpọ̀, egungun tó ṣẹ́ àti HIV tí kò tíì gba ìtọ́jú máa ń fa lífósáìtì wálẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ kékeré ní tirẹ̀ máa ń ní lífósáìtì púpọ̀ ju àgbàlagbà lọ, nítorí náà 2,500 tó dára lára bàbá rẹ̀ lè jẹ́ pé ó ti já wálẹ̀ lára ọmọ ọdún méjì.

Lẹ́yìn ìjàǹbá iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Chernobyl ní oṣù kẹrin ọdún 1986, èèyàn 237 ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí pé wọ́n ní àìsàn ìtànṣán, 134 ló sì wá jẹ́ òótọ́. Èébì, awọ ara àti lífósáìtì ni àwọn dókítà Moscow kọ́kọ́ fi ya wọ́n sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ kúrómósóómù tó tẹ̀ lé e.

Tábìlì yìí kó àwọn àmì tí a ti sọ jọ. Fún ìtànṣán tó dé gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà ni o.

| Ìwọ̀n (Gy) | Ìgbà tí èébì bẹ̀rẹ̀ | Iye ẹni tó ń bì | Ìgbẹ́ gbuuru | Lífósáìtì nínú máíkírólítà, ọjọ́ 3 sí 6 |
|---|---|---|---|---|
| 1–2 | wákàtí 2 sókè | 10–50% | kò sí | 800–1,500 |
| 2–4 | wákàtí 1–2 | 70–90% | kò sí | 500–800 |
| 4–6 | kò tó wákàtí 1 | 100% | díẹ̀, wákàtí 3–8 | 300–500 |
| 6–8 | kò tó ìṣẹ́jú 30 | 100% | ó le, wákàtí 1–3 | 100–300 |
| 8 sókè | kò tó ìṣẹ́jú 10 | 100% | ó le, kí wákàtí 1 tó pé | kò tó 100 |

Awọ ara: nígbà tí ìtànṣán bá dojú kọ ibì kan ṣoṣo

Tábìlì òkè yẹn kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ tó bá jẹ́ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni irin olóró náà wà. Ní Yanango, ní Peru, lóṣù kejì ọdún 1999, ajórin kan gbé Iridium-192 tí ó rí nílẹ̀ sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gbé e kiri fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí ó sì pọ́n, wọ́n ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nígbẹ̀yìn. Nínú irú ọ̀ràn yìí, lífósáìtì tó ń yí ká gbogbo ara kò ní fi hàn bí ibì kan náà ṣe jó tó.

Pípọ́n àkọ́kọ́ máa ń yọ láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan, á sì tún pa rẹ́, gbogbo èèyàn á ní ó ti tán. Pípọ́n kejì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Irun máa ń re láti bíi 3 Gy lọ, ní nǹkan bí ọjọ́ 14 sí 18. Awọ tó ń bó tí omi ń jáde lára rẹ̀ ti tó 15 sí 20 Gy. Lára aláwọ̀ dúdú, má wá pupa. Fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, bóyá ó wú, bóyá ó dúdú sí i. Ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́, kí o fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná tó jóni máa ń dunni lójú ẹsẹ̀, ẹni náà á sì rántí ibi tó ti jó o. Ti ìtànṣán kì í sábà ní ìtàn lẹ́yìn.

Kúrómósóómù: adájọ́ tó pẹ́ kó tó dé

Kúrómósóómù ni àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá, dání. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibì kan tó fún bí ìbàdí. Nígbà tí ìtànṣán bá ṣẹ́ méjì nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ara lè lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ìdàkejì, kí ẹyọ kan wá ní ìbàdí méjì. Dicentric ni wọ́n ń pè é. Ohun tó mú kí ó ṣeé gbára lé ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára ẹni tí ìtànṣán kò bá: nǹkan bí ẹyọ kan nínú sẹ́ẹ̀lì 1,000. Ibà kì í dá a sílẹ̀, ìbẹ̀rù kì í dá a sílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ gba sùúrù. Ẹ̀jẹ̀ 10 mL nínú ìgò lithium heparin lo nílò. Ìgò EDTA tí o lò fún lífósáìtì kò ní ṣiṣẹ́ níbí, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ yè kó lè dàgbà. Lífósáìtì inú ẹ̀jẹ̀ ń sùn. Láàbù á fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní PHA jí i kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín, á tọ́ ọ fún wákàtí 48 ní 37°C, á sì fi colcemid dá a dúró ní wákàtí mélòó kan tó kẹ́yìn, lásìkò tí kúrómósóómù ti kó ara wọn jọ tí ojú lè rí wọn. Ìdí tó fi jẹ́ wákàtí 48 ni pé ìpín àkọ́kọ́ la fẹ́ mú. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pín lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan bí ìdajì dicentric á ti sọnù, ìwọ̀n tí a kà yóò sì kéré ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Kíkà rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Bí èèyàn bá pọ̀, a ó ka sẹ́ẹ̀lì 50 tàbí títí a ó fi rí dicentric 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a lè tètè mọ ẹni tó kọjá 2 Gy. Bí ẹnì kan tàbí méjì bá ni, tàbí bí ẹjọ́ á bá dé ilé ẹjọ́, a ó ka 500 sí 1,000. Ìyẹn lè rí ìwọ̀n tó kéré tó 0.1 Gy. Láàbù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ tó fi ń yí iye dicentric padà sí Gy. Ká ní ìlà náà jẹ́ 0.03D + 0.06D², 1 Gy á fún wa ní bí 4 tàbí 5 nínú sẹ́ẹ̀lì 50, 2 Gy á fún wa ní 15, 4 Gy á sì lé ní 50. Wo bó ṣe ń fò sókè: kò ní ìlọ́po méjì fún ìlọ́po méjì, nítorí náà ìlà láàbù mìíràn kò ṣeé yá.

Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ náà ní wákàtí 24 lẹ́yìn ìjàǹbá ló dára jù, kí ẹ̀jẹ̀ ibi tí ìtànṣán bá àti ti ibi tí kò bá ti dàpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá dà bíi pé lífósáìtì fẹ́ tán, má dúró. Bí wọ́n bá ti tán, kò sí ohun tí láàbù máa tọ́. Ìyẹn náà ni ààlà dicentric: lókè bíi 5 Gy, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ jù kì í dé ìpín mọ́, èyí tí a rí kà á wá jẹ́ àwọn tó sàn jù. Ní Tokaimura, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní PCC ni wọ́n lò. Ó ń fipá mú kúrómósóómù kóra jọ kí sẹ́ẹ̀lì tó dé ìpín, wọ́n sì ka àwọn tó ká bí òrùka. Ó lè dé 20 Gy.

Micronucleus jẹ́ àbúrò dicentric: ègé kúrómósóómù tó ṣubú tí ó dá dúró bí ọmọ kóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó rọrùn láti kà, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè kà á, ṣùgbọ́n ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gba wákàtí 72. Ó sì máa ń wà lára èèyàn láìsí ìtànṣán, ó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ó sì ń pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Lábẹ́ 0.2 tàbí 0.3 Gy, má gbà á gbọ́.

Àmì kẹta, γH2AX, yá ju dicentric àti micronucleus lọ. Ibi tí ìtànṣán bá gé DNA ni prótíìnì yìí ti ń tàn bí ẹ̀tù tí wọ́n ta sórí aṣọ. Ó ń pọ̀ jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn wákàtí 24 èyí tó pọ̀ jù ti pa rẹ́. Tí a kò bá mọ aago ìjàǹbá, iye tí a kà kò ní ìtumọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín láti dá àtúnṣe ara dúró, ní ìdàkejì sí ti dicentric tó fẹ́ 18 sí 24°C tí kò gbọdọ̀ dì. Fi wọ́n sínú àpótí kan náà, ọ̀kan nínú wọn á bàjẹ́.

Amáílèèsì, èròjà tó ń da oúnjẹ, inú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń gòkè ní wákàtí 24 bí ìtànṣán bá kan ẹṣẹ́ itọ́. Ó dára láti fi kún un tí owó bá wà. Kì í sọ ìwọ̀n.

Èwo wá ni kí o yàn?

Bí wákàtí 2 kò bá tíì kọjá, kọ aago èébì, gba ẹ̀jẹ̀ FBC àkọ́kọ́, bọ́ aṣọ rẹ̀. Bíbọ́ aṣọ àti fífi omi àti ọṣẹ wẹ̀ máa ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí olóró kúrò, ṣùgbọ́n tó bá ní ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí kò lè mí, ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo.

Bí èèyàn bá pọ̀ rẹpẹtẹ, bíi ti pápá ìṣeré Goiânia, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kúrómósóómù. Èébì pẹ̀lú FBC méjì tó fi wákàtí 6 sí 8 jìnnà síra wọn ló máa ya èèyàn sọ́tọ̀: àwọn tí kò bì tí lífósáìtì wọn kò sì yí padà lè lọ sílé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n á fi padà wá. Àwọn tó kù la ó fi heparin gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Àríyànjiyàn kan wà níbí láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, bóyá kí a gba ti heparin lọ́wọ́ gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tiwa ni pé bí ìgò bá wà, gbà á. Kò burú kí ìgò kan wà tí a kò lò. Èyí tí a kò gbà nígbà tí lífósáìtì ṣì wà kò ní padà.

Bí ẹni náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ lẹ́yìn ọjọ́ 10, èébì ti di ìtàn, γH2AX ti lọ, lífósáìtì ti débi tó máa dé. Awọ ara, irun rẹ̀ àti dicentric ló kù. Dicentric ṣì ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ó kàn ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bí lífósáìtì àtijọ́ ṣe ń kú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àyẹ̀wò méjì ń ta ko ara wọn, bíi kí aláìsàn bì ní ìṣẹ́jú 20 tí lífósáìtì rẹ̀ sì dúró sí 2,200 ní wákàtí 48, lífósáìtì ni kí o gbà. Bí ó bá wá jẹ́ pé kò bì tí lífósáìtì rẹ̀ sì ń já wálẹ̀, lífósáìtì náà ni.

Nàìjíríà ní iléeṣẹ́ NNRA ní Àbújá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, òun ni kí a pè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò lọ sí láàbù kúrómósóómù, bíi ti Chilton ní Bìrìtìkó tàbí ti Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, ó yẹ kó dé kí wákàtí 24 sí 48 tó pé. Kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sára ìgò. Fi aago ìjàǹbá, oògùn tó ń lò, àti bóyá ó ti gba ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ rí sínú ìwé tó bá a lọ. Wé ìgò náà sínú ohun tó rọ̀, kí yìnyín má kàn án. Lẹ́yìn àpótí, kọ gàdàgbà pé kí wọ́n má fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀ òfuurufú, kí o sì fi báàjì ìwọ̀n ìtànṣán kan sínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, báàjì náà á sọ fún láàbù.